Lẹ́tà Abẹ́ Bátìrì

Ojú wọn ṣe mẹ́rin láàárín èrò, ní àárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún ìjọba rẹfolúsíọ̀n, nígbà tí pápá ìlú Dassa kún débi pé bí abẹ́rẹ́ bá já bọ́, orí èèyàn ni yóò bà lé. Àmínátù dúró lórí àpótí ọsàn kan kí ó lè ríran kọjá àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń ju àsíá. Lórí pèpéle, ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa gbé jìtá kọ́rùn, ó ń yẹ okùn rẹ̀ wò. Ó gbójú sókè. Nínú gbogbo orí tó wà ní pápá yẹn, orí Àmínátù ni ojú rẹ̀ bà lé, kò sì kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ka ìwé ìfẹ́ rí, ẹ mọ ohun tó ṣe ọmọbìnrin náà. Àyà rẹ̀ já. Orúnkún rẹ̀ di ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Ó dé nìyí. Ohun tí mo ń kà láti ọjọ́ yìí wá, ó ti wá bá mi ní Dassa."

Ibẹ̀ ni jìtá ti figbe ta. Kò kọrin o, ó ké, ó ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí ọ̀bẹ kò pa tán. Gbogbo èèyàn fọwọ́ di etí. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ lójijì, kò tún sọ nǹkan kan mọ́. Ọ̀dọ́kùnrin náà kò mú ojú kúrò lára Àmínátù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fa ẹnu okùn iná jìtá yọ, irin kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò, ó sì tì í bọ ẹnu. Ó lá a. Ó lá a yípo bí ọmọdé ṣe ń lá ṣúgà orí igi, ó tu itọ́ pupa obì sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì ki irin tútù náà padà sínú jìtá.

Àmínátù fi etí ìró bo ẹnu.

"Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́," ó ní. Ìfẹ́ a máa wá àwíjàre kíá ju agbẹjọ́rò lọ.

Kí ẹ tó bú u, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti kọ́ ìfẹ́ fún yín. Justine, ìyàwó Léonard tíṣà, ló ń din dùndún lẹ́bàá ibùdó rélùwéè. Ìwé àtijọ́ ló fi ń pọ́n dùndún fún oníbàárà. Ó ń rà á ní kílò-kílò lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti Kútọnu. Nínú òkìtì ìwé yẹn ni àwọn ìwé ìfẹ́ kéékèèké tí wọ́n fi Faransé kọ máa ń wà, èyí tí èèpo rẹ̀ ti ya lọ. Justine kò mọ̀wé kà. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí àwòrán ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n ń wo ojú ara wọn, a yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún Àmínátù, Àmínátù a sì máa kà á fún un lọ́sàn-án nígbà tí iná ìdáná bá rọlẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé oníbàárà kì í dúró de ìfẹ́. Kí wọ́n tó ka ìwé kan dé ìdajì, ìdajì kejì ti bá dùndún lọ.

"Ṣé ó padà fẹ́ ẹ?" ni Justine yóò bèèrè.

"Ìparí rẹ̀ ti bá dùndún lọ, Tàntí."

"Ta ló rà á?"

"Dẹlẹgé, ọ̀gá dísíríìkì, ni."

"Háà! Ikùn ńlá yẹn ló gbé ìfẹ́ wa mì!"

Wọn a sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún yìí, kò sí ẹ̀rín. Léonard, ọkọ Justine, ni tíṣà tó kọ́ Àmínátù ní á-bé-dé. Ọdún méjì sẹ́yìn, níbi ìpàdé kan tí wọ́n ti pariwo igbe rẹfolúsíọ̀n pé "Èhúzù dandan!" títí ohùn gbogbo èèyàn fi há, ó ṣèèṣì wí pé, "Ariwo kì í kún àká." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sójà méjì wá mú un kí iṣu orí iná tó jinná. Láti ọjọ́ náà, kò sí lẹ́tà, kò sí àrokò, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó wà láyé.

Isidore, ẹ̀gbọ́n Léonard, ti dúró ọdún méjì, ó ní ìdúró náà ti sú òun. Níwájú àwọn àgbà ìdílé, ó ní ẹni tí kò bá ránṣẹ́ sílé fún ọdún méjì, ó ti kú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àjọ̀dún, nígbà tí oòrùn bá kan orí òkè, wọn yóò fá orí Justine, wọn yóò wọ aṣọ dúdú fún un, wọn yóò sì tì í mọ́ yàrá opó. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, Isidore yóò ṣú u lópó, òun pẹ̀lú oko kaṣú Léonard tó wà ní Kpingni. Justine sunkún, ó ní ara òun kò sọ fún òun pé ọkọ òun kú. Isidore fi àtẹ́lẹwọ́ nu epo ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé kí abẹ tó kan orí rẹ, mo pa ẹnu mi dé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbọ́ o."

Àwọn àgbà gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ yìí kan náà, kí pápá tó kún, Justine yà ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ràṣídì, bàbá Àmínátù tó ń tún rédíò ṣe, ó mú ìwé ìfẹ́ kan jáde lábẹ́ ìró. "Gbà. Odindi ni. Ó ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn. Oṣù kan ni mo fi fi í pamọ́ kí n má bàa fi pọ́n dùndún. Kà á tán, kí o wá ro ìparí rẹ̀ fún mi lójú fèrèsé yàrá opó." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dúró kí Àmínátù dá a lóhùn. Àmínátù gbé ìwé náà sórí tábìlì tí ó ti ń jó òjé. Kò tíì ní ọkàn láti ṣí i.

Bàbá Ràṣídì ni gbogbo Dassa ń gbé rédíò wá fún. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣú fún bí ọdún mẹ́ta, nítorí náà etí àti imú ló kù tó fi ń ṣiṣẹ́. Òun yóò jókòó lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, yóò gbọ́ bí rédíò ṣe ń wúkọ́, yóò dárúkọ àìsàn rẹ̀; Àmínátù ni yóò mú irin gbígbóná, tí yóò yọ́ òjé, tí yóò so wáyà.

Oòrùn ti yẹ àtàrí nígbà tí òjìji kan bo ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

"O kú àbọ̀. Ìwọ ta nìyẹn?"

"Sylvestre ni orúkọ mi. Èmi ni mò ń ta jìtá fún ẹgbẹ́ akọrin tó wá láti Kútọnu. Agogo mẹ́rin la máa ṣeré níwájú ọ̀gá dísíríìkì, jìtá mi sì ti dití."

"Jìtá kì í dití," ni Bàbá Ràṣídì wí. "Ó lè yadi. Àmínátù, yẹ̀ ẹ́ wò."

Sylvestre yíjú. "Ìwọ! Ọmọge orí àpótí!"

Ojú wọn tún ṣe mẹ́rin. Àyà Àmínátù tún já, àmọ́ kò já jìnnà tó ti àárọ̀, nítorí ọ̀dọ́kùnrin náà ti ń ṣí àpótí igi tó gbé lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ sì ti kún ṣọ́ọ̀bù. Òórùn ìbọ̀sẹ̀ ni, pẹ̀lú sìgá tó rin, pẹ̀lú ọtí tó ti kan. Inú ìbọ̀sẹ̀ kan ló ká àwọn okùn sí. Ààbọ̀ obì tó ní ojú eyín lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí, irun èèyàn sì lẹ̀ mọ́ obì. Lórí gbogbo ìwọ̀nyí ni àwọn pẹ́dáàlì mẹ́ta wà, àwọn àpótí irin pẹlẹbẹ tí olórin ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn jìtá lè yí padà kó tó dé inú ańpílì, àpótí ńlá tó ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́.

Àmínátù fi ìka méjì mú ẹnu okùn kan. Irin rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé, nǹkan lílẹ̀ kan sì wà lára rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ fi ń lá a?"

"Itọ́ ló ń jẹ́ kí iná kọjá. Gbogbo wa là ń ṣe é. Ṣé ó ń rí ọ lára ni?"

"Iyọ̀ inú itọ́ ló jẹ ẹ́. Ẹ wò ó, ó ti hu ewé."

Bàbá Ràṣídì rẹ́rìn-ín lórí ẹní. "Ó kù díẹ̀ kó so èso."

Àmínátù fi yanrìn díẹ̀ àti aṣọ gbígbẹ ha irin náà títí ó fi dán. Lẹ́yìn náà ó ní kí Sylvestre to àwọn pẹ́dáàlì sílẹ̀ bó ṣe máa ń so wọ́n. Sylvestre tò wọ́n: èyí tó ń dá ohùn padà ló ṣíwájú, tí bí o bá ta jìtá lẹ́ẹ̀kan, wàá gbọ́ ọ nígbà márùn-ún, èyí tó ń ké bí ìkókó tẹ̀ lé e, èyí tó ń ha ohùn, tó ń sọ ohùn jìtá di ti ẹkùn, ló kángun sí ańpílì.

Àmínátù mi orí. "Ẹ ti gbé ẹ̀yìn síwájú. Bí ẹ bá gun òkè tó wà lẹ́yìn wa yìí, tí ẹ kígbe, òkè á dá yín lóhùn. Ṣé òkè lè kọ́kọ́ dáhùn kí ẹ tó kígbe?"

"Rárá."

"Ẹ kígbe ná. Èyí tó ń ha ohùn ni kó sún mọ́ jìtá. Kí èyí tó ń ké tẹ̀ lé e. Òkè ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn, kó tó kan ańpílì. Bí ẹ ṣe tò ó yìí, gbohùngbohùn márààrún lẹ̀ ń kó sẹ́nu ẹkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tó fi ké bí ẹlẹ́dẹ̀ láàárọ̀."

Sylvestre fi ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì, ó tẹ̀ síwájú. Èémí rẹ̀ ń rùn bí inú àpótí rẹ̀. "Àmínátù," ó ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "láti ìgbà tí mo ti rí ọ, ilẹ̀ ti ṣú nínú ọkàn mi, ìwọ nìkan sì ni ìràwọ̀ tó yọ níbẹ̀."

Ọwọ́ Àmínátù dúró. Ó mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ojú ewé kẹtàlélógún ni, nínú ìwé aláwọ̀ ewé tí òun àti Justine kà lásìkò ìkórè. Ọkùnrin tó sọ ọ́ níbẹ̀ ló padà gbé wúrà ọmọbìnrin náà sá lọ.

"‘Jẹ́ kí n jẹ́ òwúrọ̀ rẹ,’" ni Àmínátù wí.

"Kí lo wí?"

"Èyí tó kàn nìyẹn. Ẹ ti fo ìlà kan."

Bàbá Ràṣídì wúkọ́ kí ẹ̀rín má bàa pa á. Sylvestre fa ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kúrò.

Ẹ gbọ́ o, títí dé ibí yìí, Àmínátù ì bá ṣì dárí jì í. Itọ́ ṣeé nù. Ọ̀rọ̀ àyálò ṣeé gbàgbé. Ó mú irin tí wọ́n fi ń tú ìṣó oníyíyí, ó tú mẹ́rin tó wà ní ìdí pẹ́dáàlì tó ń ha ohùn, ó sì ṣí i.

Bátìrì inú rẹ̀ ti bẹ́. Omi dúdú kan ti ṣàn jáde lára rẹ̀, ó ń yọ̀ bí ikun, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ó sì ti ràn dé ara àwọn wáyà tín-ín-rín. Lábẹ́ bátìrì náà, wọ́n ki ìwé kan tí wọ́n ká ní mẹ́rin, ó rin gbingbin. Ó fi ẹ̀mú fà á yọ. Àpò lẹ́tà ni. Wọ́n ti lẹ ẹ́ pa, kò sẹ́ni tó ṣí i rí. Omi bátìrì ti jẹ igun rẹ̀ kan, ó jẹ orúkọ dé ìdajì, èyí tó kù ni: "…stine, onídùndún, lẹ́bàá ibùdó rélùwéè, Dassa."

Kò tilẹ̀ nílò láti ka orúkọ. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà. Lẹ́tà "d" tó ní ìrù àkekèé, ọwọ́ tó kọ "Ó dára" sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko.

"Kí nìyí?"

Sylvestre wò ó. "Áà, ìyẹn? Tì í padà sí àyè rẹ̀ jọ̀ọ́. Ibi tó ń di bátìrì mú ti ṣẹ́, ìdérí sì ń kan òjé inú rẹ̀. Bí ìwé yẹn kò bá sí níbẹ̀, kò ní fọhùn."

"Lẹ́tà ni."

"Mo mọ̀ pé lẹ́tà ni."

"Báwo ló ṣe dé ọwọ́ yín?"

Ó na ẹsẹ̀, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìtàn ọdẹ. "Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, a lọ ṣeré fún àwọn sójà ní àgọ́ kan lápá àríwá. Ẹlẹ́wọ̀n kan tó ń pọnmi fún wa ló tì í bọ̀ mí lápò. Ó ní ìyàwó òun ń din dùndún ní Dassa, pé gbogbo èrò rélùwéè ló mọ̀ ọ́n. Ó ń sunkún, ikun imú rẹ̀ ń kán sí mi lọ́wọ́. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo gbà á."

"Láti ìgbà náà, ẹ ti kọjá ní Dassa?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kan, mo tilẹ̀ ra dùndún ọ̀hún." Ó rẹ́rìn-ín. "Ata rẹ̀ dáa."

Àmínátù gbé ẹ̀mú sílẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ọ̀wọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"O jẹ dùndún rẹ̀. Lẹ́tà ọkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ."

"Ta ló fẹ́ kí wọ́n bá lẹ́tà ẹlẹ́wọ̀n lápò òun nílùú rẹfolúsíọ̀n? Mo fẹ́ jó o níná ni. Àmọ́ pẹ́dáàlì bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, mo ká lẹ́tà náà, mo fi há a. Ó bá ihò yẹn mu gẹ́lẹ́! Bíi pé wọ́n wọ̀n ọ́n sí i."

"Ọkùnrin náà ńkọ́?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀. A tún lọ lóṣù tó kọjá. Òkúta ló ń rù. Ó rí mi lórí pèpéle, ó tẹjú mọ́ mi báyìí, bí ẹni ń bèèrè nǹkan. Mo fi orí dá a lóhùn."

"O fi orí sọ pé kí ni?"

"Pé bẹ́ẹ̀ ni. Pé mo ti fún un. Inú rẹ̀ dùn! Ó rẹ́rìn-ín, ó tún gbé òkúta rẹ̀. Ṣé o rí i, mo ṣàánú rẹ̀."

Àwọn ohun ìríra pọ̀ láyé. Ìdin inú ẹran wà, egbò tó ń ṣọyún wà, omi dúdú inú bátìrì náà wà. Àmínátù ti fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀ láì bì. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú Sylvestre báyìí, ojú dáadáa tó ń dán tó wù ú láàárọ̀, ó rí i pé ojú yẹn náà ni Léonard wò lórí òkìtì òkúta, tó sì gbà gbọ́. Ó wá ń fi aṣọ nu ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ Sylvestre kò tíì fọwọ́ kàn án rí.

"Agogo mẹ́ta ti lù," ni Sylvestre wí. "Dì í padà bó ṣe wà, kí o wá bá mi so ó lórí pèpéle. Bí kò bá fọhùn, n ó sọ fún dẹlẹgé pé bàbá rẹ ló ba ohun èlò rẹfolúsíọ̀n jẹ́. O mọ ibi tí wọ́n ń kó irú wọn lọ. Bóyá wọn a jọ máa ru òkúta."

Ó dìde, ó yà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì tọ̀ sára ògiri. Wọ́n ń gbọ́ ọ nínú ilé, ìtọ̀ náà pẹ́ kó tó tán, ó ń súfèé sí i, lẹ́yìn rẹ̀ ó ṣáná sí sìgá níbẹ̀.

"Àmínátù," ni Bàbá Ràṣídì wí jẹ́jẹ́, "ojú mi ló ṣú, etí mi kò ṣú. Ti Léonard ni?"

"Òun ni, Bàbá."

"Kí lò ń wò? Wá ìwé mìíràn tì bọ ibẹ̀."

Ìwé kan ṣoṣo ló wà nítòsí ọwọ́ rẹ̀. Àmínátù mú ìwé ìfẹ́ odindi tó wà lórí tábìlì, èyí tó ní iwájú tó sì ní ẹ̀yìn. Ó ṣí i láti ẹ̀yìn, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà, ó fa ewé mẹ́rin ìkẹyìn ya láì ka ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ó ká wọn. Ó nu omi dúdú kúrò lára wáyà, ó fi òjé tuntun kan ibi tó ti jẹ, ó ki bátìrì tuntun sí i, ó fi ìparí ìwé náà há a, ó sì dì í. Ó fi etí ìró nu lẹ́tà Léonard, ó sì tì í bọ àyà. Kí Sylvestre tó padà wọlé, omi bátìrì tó kù lára lẹ́tà ti ń ta á lára bí èèrùn.

Agogo mẹ́rin lù, wọn kò ṣeré. Dẹlẹgé ń sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa owú, ó sọ nípa àgbàdo, ó sọ nípa àwọn ọ̀tá tó wà nínú àti àwọn ọ̀tá tó wà lóde. Ó ń kígbe pé "Èhúzù?", èrò ń dáhùn pé "Èhúzù dandan!" Àmínátù kúnlẹ̀ lẹ́yìn ańpílì pẹ̀lú àwọn okùn lọ́wọ́, ó ń wo oòrùn. Oòrùn ti fi ẹ̀yìn sí igi mọ́ńgòrò. Kò lè kúrò, torí dẹlẹgé ti nàka sí i lẹ́ẹ̀mejì pé, "Ìwọ, ọmọ onírédíò, kó fọhùn o." Lókè lọ́hùn-ún, ní agbolé Isidore, èéfín ti ń rú. Wọ́n ti pa ewúrẹ́ òkú fún ẹni tó ń ru òkúta.

Nígbà tó yá, dẹlẹgé mu omi, ó jókòó. Àmínátù so wọ́n: láti jìtá sí ẹkùn, láti ẹkùn sí ìkókó, láti ìkókó sí òkè, láti òkè sí ańpílì. Sylvestre fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dáàlì àkọ́kọ́, ó ta okùn kan.

Ohun tó rí Àmínátù lára jù lọ́jọ́ yẹn, ju itọ́, ju ìtọ̀, ni pé ó dùn. Ohùn náà jáde kedere, ó bú bí ẹranko, ó sunkún, ó lọ kan òkè, òkè inú pẹ́dáàlì dá a lóhùn, òkè Dassa gan-an sì tún dá ańpílì lóhùn. Gbogbo pápá pariwo ìdùnnú. Àwọn ìyá ń jó. Ọwọ́ kan náà tó há lẹ́tà mọ́ abẹ́ bátìrì ló ń ta á.

Sylvestre tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣẹ́jú. "Ṣé o rí i? Lẹ́tà yẹn wúlò fún nǹkan."

Àmínátù dìde. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle. Sylvestre ń fi jìtá pè é, ó ń wá ojú rẹ̀ láàárín èrò bíi ti àárọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló rí.

Ó gba ẹ̀yìn ọjà, ó gba àárín àwọn àpáta. Nígbà tó kúrò lójú èrò, ó ká ìró sókè, ó sáré. Orin Sylvestre ń tẹ̀ lé e bí eṣinṣin tó ń tẹ̀ lé ẹran. Àyà rẹ̀ ń jó o níbi tí lẹ́tà wà. Oòrùn ti kan orí òkè, ó ti ń rì.

Agbolé kún. Ìkòkò ewúrẹ́ ń hó. Isidore ti bu ẹ̀dọ̀ jẹ nínú rẹ̀ kó tó jinná, ètè rẹ̀ ń dán. Láàárín àgbàlá, Justine jókòó lórí àpótí, aṣọ dúdú wà lórí itan rẹ̀, ìyá àgbà kan dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú abẹ. Abẹ náà kò tíì kan orí. Omi ọṣẹ ló ń ṣàn lọ́rùn Justine, ó ti wọ aṣọ rẹ̀, ìyá àgbà sì ń fi àtàǹpàkò wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ dúró!"

Ohùn rẹ̀ kò ga, torí kò sí èémí nínú rẹ̀ mọ́. Àmọ́ ìyá àgbà dúró.

"Ta ló pe ọmọ onírédíò síbí?" ni Isidore wí. "Ọ̀rọ̀ ìdílé ni. Fá a, ìyá."

"Ọ̀rọ̀ ti dé, Bàbá Isidore. Ẹ sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà pé bí ọ̀rọ̀ bá dé kí abẹ tó kan orí. Wọ́n rí i lóṣù tó kọjá. Ó wà láàyè."

"Ta ló rí i?"

"Ẹni tí mi ò fẹ́ dárúkọ rẹ̀ níbi tí èèyàn ti ń jẹun."

Ó mú lẹ́tà náà jáde láyà. Ó ti dúdú, ó ti rún, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, àmì rẹ̀ sì pupa lára Àmínátù níbi tó ti wà. Isidore sún sẹ́yìn, ó fọwọ́ bo imú. "Gbé ìdọ̀tí yẹn kúrò níwájú wa! Ṣé èyí ni ẹ̀ ń pè ní ọ̀rọ̀?"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà na ọrùn wo ọwọ́ ìkọ̀wé náà, ó sì fọwọ́ sọ fún ìyá àgbà pé kó gbé abẹ sílẹ̀.

Justine gbé orí tó ń kán omi ọṣẹ sókè. Kò tíì rí lẹ́tà. Ojú Àmínátù ló ń wò. "Ṣé o ti kà á tán?" ó bèèrè, ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ti aláìsàn. "Ìwé wa. Ṣé ó padà fẹ́ ẹ?"

"Mi ò lè mọ ìparí rẹ̀ mọ́, Tàntí," ni Àmínátù wí.

Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ Justine méjèèjì tó kún fún ọṣẹ, ó sì fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.